Àtúnṣe Kẹrin

Lẹ́yìn tí Sẹ̀kínátù kú, ohun tó ya ọkọ rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀, lẹ́nu jù ni pé ilé lè pa rọ́rọ́ báyẹn lọ́sàn-án gangan, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí mọ́tò ti ń sáré tọ̀sán-tòru. Ariwo wà níta o, kì í ṣe díẹ̀. Tírélà ń fọn fèrè, àwọn tó ń ta búrẹ́dì ní Ìbàfò ń lé ọkọ̀ kiri, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé ń fi orin dánra wò láti òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ariwo náà tó jẹ́ ti Bùrẹ́ímọ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é pé kó wá jẹun, kò sí ẹni tó ń bá a jà pé ó tún gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọmọ méjì ló bí. Ọ̀kan wà ní Jọ́ọ̀sì, èkejì wà ní Kàdúná, àwọn méjèèjì ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀ wálé ọdún.

Fídíò ló ń yà. Fótò ló kọ́kọ́ kọ́ ní Ìkirè kó tó kó wá sí Ìbàfò, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ rí ara wọn nínú tẹlifíṣàn kí wọ́n máa rìn kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀, òun náà bá wọn yí i. Ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú ni o, ìkómọjáde ni o, kò sí èyí tí kì í gbé kámẹ́rà ńlá yẹn lé èjìká lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ fídíò méjì tó fi wáyà so pọ̀. Ọ̀kan á máa fi ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì hàn, èkejì á máa gbà á sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì míràn. Báyẹn ló ṣe ń yọ èyí tí kò dára dànù, tó ń to èyí tó dára tẹ̀léra. Iṣẹ́ onísùúrù ni, sùúrù sì lohun tó pọ̀ lọ́wọ́ Bùrẹ́ímọ̀ jù nígbà náà.

Ẹ̀rọ méjì yìí ló gbé Mọ́láyọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìfọ̀ ni, ọmọ bí ogún ọdún, ó ti wà lọ́dún tó máa ṣe tán. Wọ́n ní kí kálukú nínú kíláàsì wọn ṣe fídíò orin kan. Èyí tó bá yege, wọ́n á fi han gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ìpàtẹ, níwájú àwọn àlejò láti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa mú ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ní, àwọn ọmọ ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi to ohun tí wọ́n bá yà. Àǹtí Fúnmi, àbúrò ìyá Mọ́láyọ̀ tó ń gbé ní Ìbàfò, ló rántí Bàbá Onífídíò tó ya ìgbéyàwó rẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà ṣe yọjú ní Sátidé kan nìyẹn, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé báàgì kan mọ́yà.

"Ẹ káàsán sà. Àǹtí Fúnmi ló ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Dìde, ọmọ mi. Kí lo yà?"

"Orin ni sà. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ ọ́, Sọ̀fíyátù. Ọ̀fàdà la ti lọ yà á, níbi tí àwọn màmá kan ti ń fẹ́ ìrẹsì."

Bùrẹ́ímọ̀ ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lójú tẹlifíṣàn, ó wé gèlè pupa, ó dúró láàárín àwọn obìnrin tó ń ju ìrẹsì sókè nínú atẹ. Ìyàngbò ń fò kiri bí eṣú. Ọmọbìnrin náà ń kọrin pé:

Afẹ́fẹ́ Ọ̀fàdà, gbé ìyàngbò lọ,
Ohun tó bá kù nínú atẹ, tèmi ni.

Wọ́n tò ó lọ́jọ́ náà, wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Bùrẹ́ímọ̀ bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹnu Sọ̀fíyátù kì í bá orin dé ibì kan náà. Orin ti lọ, ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi dé sí i lójú, ó ní bátìrì rédíò tí àwọn gbé lọ sí Ọ̀fàdà ló ń kú lọ, orin ń fà, Sọ̀fíyátù sì ń fi ẹnu tẹ̀ lé e bó ṣe ń fà. Bùrẹ́ímọ̀ tún ní orí obìnrin tó wà lápá òsì kò sí nínú àwòrán, bí ẹni pé ọrùn rẹ̀ ló ń fẹ́ ìrẹsì. Mọ́láyọ̀ bá a jiyàn lórí ìyẹn, ó ní ọwọ́ obìnrin náà lòun ń wò. Ó ya Bùrẹ́ímọ̀ lẹ́nu pé inú rẹ̀ dùn sí ìjiyàn náà.

Èyí àkọ́kọ́ yẹn ló gbé lọ sí Ìfọ̀. Kíláàsì wọn ní àṣà kan: tí wọ́n bá fi fídíò ẹnì kan hàn tán, gbogbo wọn á sọ ohun tí wọ́n rí, oníṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ fèsì títí wọ́n á fi parí. Wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti gùn jù. Lẹ́kọ́rà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀, ní kó jẹ́ kí ọwọ́ kọ́kọ́ jáde kí ojú tó dé, nítorí ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ní Sátidé kejì, Mọ́láyọ̀ kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọn padà wá sí Ìbàfò, òun àti Bùrẹ́ímọ̀ sì tún un tò látòkè délẹ̀.

Wọn ò tíì ṣe é dé ìdajì nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Wọ́n bá gbé àga síta. Bùrẹ́ímọ̀ ra gúgúrú àti ẹ̀pà, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wo títì. Mọ́láyọ̀ ń ròyìn bí màmá kan ní Ọ̀fàdà ṣe rí kámẹ́rà tó sá wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, tó kun àtíkè sójú, tó wá dúró gbọnrangandan, kò mí, nítorí ó rò pé fótò ni. "A ní kó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, ó ní kí la ti ń yà tipẹ́ yìí tí iná ẹ̀ kò tíì tàn!" Bùrẹ́ímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé alámùúlégbè rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti sin Sẹ̀kínátù, kò sí ẹni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, òun náà kò sì mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Iná dé, wọ́n parí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wo èyí kejì yìí tán, Bùrẹ́ímọ̀ mọ̀ pé ó ti parí. Ọwọ́ àwọn obìnrin náà ló kọ́kọ́ jáde, ọwọ́ nìkan, atẹ ń lọ sókè ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bí Sọ̀fíyátù ṣe ya ẹnu báyìí, orin jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín orin, àwọn màmá náà rẹ́rìn-ín sí ara wọn, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n rín. Ní ìparí, ọmọbìnrin náà gbé atẹ sílẹ̀, èéfín ààrò ń rú lẹ́yìn rẹ̀, ó wo iwájú. Ó ti pẹ́ tí Bùrẹ́ímọ̀ ti ń ya fídíò, kò ya irú rẹ̀ rí.

"Ṣé ó ti wà fáìnì sà?" Mọ́láyọ̀ béèrè.

Ohun tó yẹ kó sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ la ẹnu, Sátidé tó ń bọ̀ wá sí i lọ́kàn: ṣọ́ọ̀bù, àga òfìfo, fèrè tírélà. Ẹ̀rù bà á. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀rù Sátidé bà á.

"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Má tíì fi han àwọn ará kíláàsì yín. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣe tó. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ya orin náà ní Ọ̀fàdà, ti ilé-ẹ̀kọ́ ni. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Mọ́láyọ̀ dá a padà, ọmọ kíláàsì rẹ̀ míràn sì ya tirẹ̀ lé e lórí, torí kásẹ́ẹ̀tì wọ́n lọ́jà nígbà náà bí ojú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí Bùrẹ́ímọ̀ ya ìnáwó òun pàápàá, kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni yóò rà wá. Mọ́láyọ̀ alára, méjì péré ló ní. Èyí àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀kan, èyí kejì tó dára wà nínú èkejì. Láti ìsinsìnyí lọ, àtúnṣe yòówù tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, inú èyí tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti máa dà á kọ. Gbogbo onífídíò ló sì mọ̀ pé bí èèyàn bá ń da àwòrán láti inú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sí kásẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni ojú rẹ̀ á máa ṣá, bí ọbẹ̀ tí wọ́n ń bu omi lé. Mọ́láyọ̀ kò mọ̀. Bùrẹ́ímọ̀ mọ̀.

Ní Sátidé kẹta, kí Mọ́láyọ̀ tó dé, ó ti gbá ṣọ́ọ̀bù, ó ti nu tábìlì, ó ti ra mínírà méjì sínú omi tútù. Ìṣòro tó kù ni pé ó ní láti wá àṣìṣe. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn, ó ń wò bíi lẹ́kọ́rà, ó ń mi orí. Nígbà tó pẹ́, ó ní ẹ̀rín àwọn màmá yẹn ti pọ̀ jù.

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù o sà."

"Ibẹ̀ dáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orin la ń ṣe, kì í ṣe àwàdà."

Mọ́láyọ̀ ní kò burú. Wọ́n yọ ẹ̀rín náà. Bùrẹ́ímọ̀ tún ní kí wọ́n gbé èéfín tó wà ní ìparí wá síwájú, kò sì ní ìdí kankan tó fi sọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n da èyí kẹta lé lórí. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n ṣe ń tò ó lọ, Bùrẹ́ímọ̀ sọ̀rọ̀ Sẹ̀kínátù fún un, bó ṣe máa ń fi orúkọ Olúwa gégùn-ún fún àwọn oníbàárà tó bá pẹ́ kí wọ́n tó wá kó fídíò wọn. Mọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó wu òun kí òun mọ ìyá náà. Inú Bùrẹ́ímọ̀ dùn, ó ń dùn án, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, Bùrẹ́ímọ̀ fi ife mínírà tí ọmọ náà mu sílẹ̀ lórí tábìlì, kò gbé e kúrò fún ọjọ́ méjì.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ó gbọ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Fúnmi pé ọmọ náà yọjú wálé lọ́jọ́bọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Bùrẹ́ímọ̀ ní bóyá àárẹ̀ ẹ̀kọ́ ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe míràn ní tirẹ̀.

Òjò rọ̀ ní Sátidé kẹrin. Mọ́láyọ̀ dé pẹ̀lú aṣọ tútù, ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó, kò bọ́ báàgì lọ́rùn.

"Báwo ni wọ́n ṣe wí?" Bùrẹ́ímọ̀ béèrè.

"Wọ́n ní kí ló ṣe ojú Sọ̀fíyátù. Lẹ́kọ́rà wa ní ó dà bí ẹni tí wọ́n fi èéfín bò."

"Tẹlifíṣàn ilé-ẹ̀kọ́ yín ni." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "Tẹlifíṣàn míì ti gbó. Jẹ́ ká ṣáà ṣe èyí tó kù. Ibi tó ti gbé atẹ sílẹ̀ yẹn, ó yẹ ká gé e kúrú."

Mọ́láyọ̀ kò jiyàn. Nígbà tí ọmọ náà kò jiyàn ni àyà Bùrẹ́ímọ̀ kọ́kọ́ já, ṣùgbọ́n ó ti ki èyí kẹta bọ inú ẹ̀rọ kan. Ó na ọwọ́, Mọ́láyọ̀ sì gbé kásẹ́ẹ̀tì kejì fún un, èyí tí fídíò tó dára yẹn wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n máa da àtúnṣe kẹrin lé. Bí Bùrẹ́ímọ̀ bá ti tẹ bọ́tìnì pupa yẹn báyìí, ọwọ́ àwọn obìnrin Ọ̀fàdà, ẹ̀rín wọn, ojú Sọ̀fíyátù tó mọ́ kedere, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Kò tún sí níbì kankan láyé mọ́. Yóò ku èyí tó ti ṣá, àti èyí tí yóò ṣá jù ú lọ. Bùrẹ́ímọ̀ sì tún máa ní Sátidé kan sí i.

Ó fi ìka lé bọ́tìnì.

"Bàbá," Mọ́láyọ̀ ní, "mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín kí ẹ má bàa gbọ́ ọ níta. Lọ́jọ́bọ̀, mo ní kí lẹ́kọ́rà wa yọ orúkọ mi kúrò nínú ìpàtẹ."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni sà. Ibi tí mo bá fẹ́ràn, ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń rí àṣìṣe. Ojú mi ò mọ nǹkan wò. Ó sàn kí n tètè mọ̀." Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu omi òjò lójú, bóyá omi òjò ni. "Mo kàn ní kí n wá ká parí èyí tá a bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ yín má bàa já sófo. Ẹ ti ṣe wàhálà lórí mi jù."

Bùrẹ́ímọ̀ gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì. Gbogbo èyí tó ti rò tẹ́lẹ̀, orí àwòrán ló parí sí: pé yóò ṣá díẹ̀, pé ta ni yóò mọ̀. Kò rò ó dé orí ọmọ náà. Ó wò ó, ó rí bó ṣe ká èjìká jọ lórí àga, ọmọ tó bá a jiyàn lórí ọwọ́ àti orí, tó ń rẹ́rìn-ín. Òun ló ṣe é. Kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀, kì í ṣe tẹlifíṣàn. Òun Bùrẹ́ímọ̀ ló ń gé ọmọ ọlọ́mọ kúrú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì kejì kúrò nínú ẹ̀rọ, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan èyí. Òun ni fídíò rẹ. Ọjọ́ tá a ṣe é ló ti parí."

"Ṣebí ẹ ní ó kù díẹ̀?"

"Kò ku nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rín àwọn màmá yẹn, kò pọ̀ jù. Èéfín yẹn, ibi tó wà ló dáa. Ojú Sọ̀fíyátù, èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì mọ̀ pé yóò bàjẹ́ kí n tó ṣe é."

Òjò ń lu páànù lórí wọn.

"Torí kí ni, Bàbá?"

Ọkùnrin náà wá ibi tí yóò fojú sí, kò rí. "Bí o bá parí, o ò ní wá mọ́," ló wí. "Mi ò ní ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ì bá dùn mọ́ ọn bó bá bú u. Ọmọ náà kò bú u. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì náà sínú báàgì.

"Bí ẹ bá ní kí n máa wá kí yín, ṣé mi ò ní wá ni? Ní Sátidé, àárọ̀ ni Àǹtí Fúnmi ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, alẹ́ ló ń dé. Èmi nìkan ló máa ń wà nínú yàrá. Ibí nìkan ni mo máa ń fẹ́ wá láàárín ọ̀sẹ̀ gbogbo." Ó dìde. "Mo máa ń sunkún nínú ọkọ̀ bí mo bá ń padà, Bàbá. Mo rò pé mi ò ní làákàyè."

Ó kúnlẹ̀ kó tó jáde, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò dúró kí òjò dá.

Lọ́jọ́ Ajé, Bùrẹ́ímọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó wọkọ̀ lọ sí Ọjọ́ta, ó wọ òmíràn dé Agége, ó tún wọ òmíràn dé Ìfọ̀, ó ń béèrè ọ̀nà títí ó fi dé kíláàsì àwọn Mọ́láyọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ kò dàgbà tó àkọ́bí rẹ̀. Ó rí àgbàlagbà tó ń bọ̀, ó dìde fún un, ó fẹ́ gbé àga fún un, Bùrẹ́ímọ̀ kò jókòó. Gbogbo àwọn ọmọ ń wò. Mọ́láyọ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó tẹ orí sílẹ̀.

Bùrẹ́ímọ̀ ṣí fìlà. "Ọmọ yín tó ní kí ẹ yọ orúkọ òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ti dára láti ọ̀sẹ̀ kejì. Èmi ni mò ń sọ pé kò dára."

"Bàbá, kí ló fà á?" Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ì bá pa irọ́ míì. Irọ́ kékeré kan ì bá tó, pé ẹ̀rọ bàjẹ́, pé ojú ń dun òun. "Ìyàwó mi kú," ló wí. "Ìdáwà ń bá mi jà. Mo fẹ́ kó máa wá." Ó sọ ọ́ sókè, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Lẹ́kọ́rà náà ní òun kò tíì fi orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn àlejò, kí Mọ́láyọ̀ gbé kásẹ́ẹ̀tì wá kí wọ́n wò ó. Ọmọbìnrin náà dìde. Bó ṣe kọjá níwájú Bùrẹ́ímọ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, kò wo ojú rẹ̀.

Wọ́n fi èyí kejì hàn. Ọwọ́ jáde, atẹ lọ sókè, orin dé. Nígbà tí àwọn màmá rẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Sọ̀fíyátù gbé atẹ sílẹ̀ tó wo iwájú, wọ́n pàtẹ́wọ́ tí kò mọ níwọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ ní òun ti dá orúkọ rẹ̀ padà. Ó ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí wọ́n rí.

Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olúwajùwọ́n nawọ́. "Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọrin? Kò síbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí."

Bùrẹ́ímọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó mú fìlà lọ́wọ́. Orúkọ! Kò sí fídíò ìgbéyàwó kan tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sórí káádíbọ́ọ̀dù, kó yà á, kó tó ya ohunkóhun. Àwọn ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà kan rí mọ̀ ọ́n. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ṣe làálàá láti rí àṣìṣe tí kò sí, èyí tó wà níbẹ̀ ní ti gidi, kò rí i. Kì í ṣe fídíò náà ló ń wò. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Mọ́láyọ̀ ti jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán bí àṣà wọn, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó di orí mú. "Yéè, Sọ̀fíyátù á pa mí! Mo fẹ́ kọ ọ́ sórí káádíbọ́ọ̀dù lónìí. Ta ló máa di kámẹ́rà mú fún mi?" Àwọn mẹ́rin ló nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Olúwajùwọ́n ní òun ní máàkà dúdú. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú atẹ, pé kí wọ́n fi ìrẹsì kọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, Mọ́láyọ̀ sì wà láàárín wọn, ó ń jiyàn pẹ̀lú wọn, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ ń bọ̀.

Bùrẹ́ímọ̀ dúró díẹ̀ sí i, bóyá ọmọ náà yóò wẹ̀yìn. Kò wẹ̀yìn. Kò sì yẹ kó wẹ̀yìn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dé fìlà, ó fi ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé kó má bàa pariwo.

Oòrùn ti mú ní gáréèjì. Ọkọ̀ Agége kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ọ̀gá tó ń kó èrò sínú rẹ̀ ń lu ilẹ̀kùn rẹ̀ gbà-gbà, ó ń pariwo pé, "Agége, ẹnì kan ló kù! Ẹnì kan ló kù o!"

"Èmi nìyí," Bùrẹ́ímọ̀ wí. Àwọn tó wà lórí ìjókòó sún díẹ̀ fún un, ó wọlé, ọkọ̀ sì gbéra.